Kà Kí O Tó Kọ

"Àbí o ò rí i? Àbí o ò rí bó ṣe ń fò!" Ẹ̀gbọ́n tún tẹ iná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ náà sì dorí kọ òkè bí ẹni tí agbọ́n ta. "Lánàá, ìgbín ni. Lónìí, wo àṣá!"

Ọlọ́pọlọ kò wo òkè, kò sì wo àṣá. Kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, wáyà kan so ó mọ́ abẹ́ sitiárìn, àwọn nọ́ńbà tó ń sáré lójú rẹ̀ ló ń wò. Gbogbo ìgbà tí tọ́bò bá fẹ́ atẹ́gùn rẹpẹtẹ sínú ẹ́ńjìnnì ni nọ́ńbà sílíńdà kẹta ń di pupa. Epo ń gbiná níbẹ̀ kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ó sì ń dún gbà-gbà-gbà, bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́, nítorí ó ti yí rédíò sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ ká padà sílé."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́? Ìwọ tí o ṣe é?" Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń sá fún ọbẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Ọlọ́pọlọ ni. Bó bá jẹ́ àna nìkan ni, ìyẹn ì bá sàn. Iwájú ilé Ẹ̀gbọ́n ni ṣọ́ọ̀bù Ọlọ́pọlọ wà, ẹ̀yìn ilé náà ni yàrá méjì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé láti ọdún mẹ́rin wà. Bó bá jí, ilé àna ló ti jí. Bó bá sín, ilé àna ló ti sín. Láàárín ọdún mẹ́rin yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní "rárá" kò tíì kọjá láàárín òun àti Ẹ̀gbọ́n rí, àfi láti ẹnu Ẹ̀gbọ́n nìkan.

Ọlọ́pọlọ tí wọ́n ń pè é yìí, iṣẹ́ ló fún un lórúkọ. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń tún inú ọkọ̀ ṣe, òun ń tún ọpọlọ rẹ̀ ṣe, ìyẹn àpótí kékeré tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì iye epo tí yóò mu àti iye atẹ́gùn tí tọ́bò yóò fẹ́ sí i. Tí ó bá tún ohun tí wọ́n kọ sínú àpótí náà kọ, agbára tó ti ń sùn nínú ọkọ̀ yóò jí. Òfin iṣẹ́ náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: KA KI O TO KỌ. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì ohùn kankan sí i, ó ní ọ̀dà òun ti ń tán lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́pọlọ mọ ohun tó wí. Kí o tó kọ tuntun sínú ọpọlọ ọkọ̀, kọ́kọ́ ka ti àtijọ́, kí o sì tọ́jú rẹ̀, nítorí bí tuntun bá kọ̀ tí kò bá ọkọ̀ mu, ti àtijọ́ ni ọ̀nà ilé.

Lọ́sàn-án àná, Ẹ̀gbọ́n ti ra fíltà atẹ́gùn tuntun àti ẹ̀sọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu gbàràmù, ó dúró lé e lórí, ó ń bi í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú kan bóyá ó ti parí. Bọ́tìnnì méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọ̀kan láti kà, ọ̀kan láti kọ. Ọlọ́pọlọ fẹ́ kà, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sórí kọ. Ohun tó kọ sí i yìí, ọkọ̀ mìíràn ló ni ín, tó jọ ti Ẹ̀gbọ́n lóde ṣùgbọ́n tí tọ́bò rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó nu ti àtijọ́ kúrò pátápátá. Ọkọ̀ sì jí, ó dún dáadáa, Ẹ̀gbọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bí Ọlọ́pọlọ ṣe panu mọ́ nìyẹn.

Láti ìgbà náà ló ti ń dín agbára ọkọ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ti àtijọ́ dúró sí, inú òkùnkùn ló ti ń táràrà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ẹ̀dà ti àtijọ́ náà, ṣùgbọ́n ó wà lẹ́yìn odi, ó di ọ̀túnla kó tó dé. Ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ti dúró de iṣẹ́ abẹ ojú fún oṣù méje. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ni dókítà dá, ìlú mìíràn sì ni ilé ìwòsàn náà wà, òkè lórí òkè ni ọ̀nà rẹ̀. Lónìí yìí ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ yìí gbé Màmá àti ìyàwó Ọlọ́pọlọ lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Ẹ̀gbọ́n wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ọlọ́pọlọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ló ṣe ojú rẹ?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan lo fi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ mi, ṣé ọkọ̀ yìí ṣeé wọ̀?"

Ọlọ́pọlọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Tí mo bá ní kò ṣeé wọ̀, ibo la máa sùn?"

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Tí o bá ní ó ṣeé wọ̀, ibo ni Màmá máa sùn?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó lọ fà Màmá lọ́wọ́ jáde, ó fi í sí ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun alára kò wọlé. Ó dúró ti ilẹ̀kùn, ó di báàgì mú.

Ọlọ́pọlọ ronú irọ́. Ó lè já wáyà kan, kó ní bátìrì ló kú. Ẹ̀gbọ́n yóò ní kó so ó padà, ọ̀rọ̀ yóò sì di irọ́ mìíràn. Ó wo ògiri ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan, ti Ẹ̀gbọ́n ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú bí i sí Ẹ̀gbọ́n, ó sì bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi," Màmá pè é láti inú ọkọ̀, "kí ni pupa tí mò ń rí lógiri yẹn?"

"Òfin iṣẹ́ wa ni, Màmá."

"Kí ló wí?"

Kó tó lahùn, Ẹ̀gbọ́n ti jáde, ó ń pàtẹ́wọ́. "Pa bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn dé! Mú kọ́kọ́rọ́ wá, ilẹ̀ ń ṣú lọ!" Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni.

"Mo kọ̀."

Ohùn rẹ̀ kéré, ọ̀rọ̀ náà kò sì ti ẹnu rẹ̀ jáde rí, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ sódì. "O kọ kí ni?"

"Mo kọ ọ́ kí n tó kà á, Ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀." Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti orí bọ́tìnnì dé orí sílíńdà kẹta. "Ó lè fọ́ mọ́ yín lójú òkè. Bọ́ọ̀sì aago méjìlá ṣì wà."

"Láti àná!" Ẹ̀gbọ́n pariwo. "O jókòó tì mí, o jẹ́ kí n gun òkè!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Nínú ilé mi!"

"Nínú ilé yín."

"Gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn wá!"

Ọlọ́pọlọ ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú ọpọlọ ọkọ̀ náà, ó fà á yọ, ó sì gbá a mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kejì na kọ́kọ́rọ́ sí Ẹ̀gbọ́n. "Òun rèé."

Ẹ̀gbọ́n wo kọ́kọ́rọ́ náà, kò gbà á. "Kí n tó ti ilé ìwòsàn dé," ó wí, "kí n má bá ẹrù rẹ níbí."

Màmá na ọwọ́ síta kí wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀, Ọlọ́pọlọ ló sì sún mọ́ ọn jù, òun ló fà á sọ̀kalẹ̀.

"O ò tíì dá mi lóhùn," Màmá wí. "Kí ló wà lógiri?"

"Kà kí o tó kọ, Màmá."

"Mo gbọ́." Ó yí ojú sí ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti wá gbẹ̀yìn. "Tí mo bá dé, ojú ara mi ni mo fẹ́ fi kà á. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ẹni tó ni òfin yẹn ni kó sì wà níbí, kó kà á tẹ̀lé mi."

Ẹ̀gbọ́n gba báàgì lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó sì ṣáájú wọn gba ọ̀nà ibùdókọ̀.

Ọlọ́pọlọ dúró títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ni, tàbí kí òun má dì í. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpótí náà ka orí tábìlì, ó so wáyà mọ́ ọn. Àṣìṣe òun fúnra rẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ kà á ná.