Ohun Tí Tíṣà Yí Padà Tí Kò Sọ Fún Ẹnikẹ́ni

Ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Bódìjà, ènìyàn méjì ló ń bójú tó ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn abiyamọ létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn. Àníọlá ni ọ̀kan, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Èkejì ni Ọ̀gbẹ́ni Tẹjúmọ́lá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà, torí ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àníọlá ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ó fẹ́ràn bàbá náà bí ẹni tó bí i lọ́mọ.

Ibi mẹ́ta ni ètò náà wà: ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́, ibi tí wọ́n ti ń dán an wò, àti ibi tí àwọn ilé ìwòsàn ti ń lò ó gan-an. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tó ń sọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́: èdè wo ni kó fi kọ̀wé, aago mélòó ni kó ránṣẹ́. Ó yẹ kí ohun tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Àníọlá gbé ẹ̀dà tuntun lọ síbi tí àwọn ilé ìwòsàn ti ń lò ó. Ó ti dán an wò dáadáa. Nígbà tó di Ọjọ́rú, fóònù rẹ̀ dún. Mátíróònù Àbẹ̀ḿbí ni, láti ilé ìwòsàn kan ní Àpáta.

"Àníọlá, kí ló ṣẹlẹ̀? Abiyamọ mẹ́rìnlélógún ni mò ń retí, mẹ́jọ péré ló wá. Mo pe ọ̀kan nínú wọn. Ó ní òyìnbó lẹ fi kọ̀wé sí òun, òun rò pé àwọn tó ń ta dátà ni, òun sì pa á rẹ́."

Àníọlá ṣí fáìlì tó gbé lọ. Òyìnbó ló wà níbẹ̀, láti ọjọ́ kìíní. Báwo wá ni àwọn obìnrin náà ṣe ń gba Yorùbá tẹ́lẹ̀?

"Tíṣà, ta ló yí èdè Àpáta padà sí Yorùbá?"

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Èmi ni. Nígbà tí mo lọ sí Àpáta, mo rí obìnrin kan tó ń gbé fóònù kiri pé kí wọ́n bá òun ka iṣẹ́ tí a rán. Lójú ẹsẹ̀ ni mo yí ti Àpáta padà sí Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ń lò ó gan-an. Mo ní tí mo bá dé, màá sọ fún ẹ."

"Oṣù mẹ́rin rèé, sà!"

"Mo gbàgbé. Ẹ̀bi mi ni."

Inú bí Àníọlá, ṣùgbọ́n ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàbá náà. "Èmi náà ò fi àwọn fáìlì wéra kí n tó fi tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́," ló sọ. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe àwọn obìnrin yẹn."

Wọ́n pín orúkọ mẹ́rìndínlógún náà ní mẹ́jọ mẹ́jọ. Àníọlá ti parí tirẹ̀ nígbà tí Tíṣà ṣì wà lórí ẹnì karùn-ún, torí ó ń béèrè orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣàdúrà fún un.

Lẹ́yìn náà, wọ́n wá fáìlì tí ẹ̀dà tuntun pa rẹ́ jáde láti ibi ìpamọ́, wọ́n sì tẹ́ fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra. Yàtọ̀ sí ti èdè, ibi mẹ́sàn-án mìíràn ni wọn ò ti bára mu tẹ́lẹ̀. Tíṣà mọ ìdí gbogbo rẹ̀. Àwọn abiyamọ kan ní kí wọ́n má ránṣẹ́ sí àwọn lásìkò ìrun Jímọ̀. Ilé ìwòsàn Mọ́kọ́lá fẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ tètè dé, kí àwọn obìnrin tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ti bẹ̀ ẹ́, Tíṣà á ṣe é fún un.

"Gbogbo rẹ̀ ló dáa," ni Àníọlá wí jẹ́jẹ́, "àmọ́ inú orí yín nìkan ló wà. Tí ara yín ò bá yá lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Tíṣà ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí iwájú Àníọlá. "Gba àṣẹ tí mo fi ń wọ ibi tí àwọn ilé ìwòsàn ti ń lò ó lọ́wọ́ mi."

Àníọlá gbà á, ó sì gba ti ara rẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè dá nǹkan yí padà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ ohun mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú fáìlì kan ṣoṣo tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa lò, wọ́n sì kọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè rẹ̀. Àníọlá tún ṣe é kí kọ̀ǹpútà máa yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ̀dà tuntun kankan tó jáde.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ọmọ mẹ́rìnlá nínú mẹ́rìndínlógún náà gba abẹ́rẹ́. Mátíróònù fúnra rẹ̀ lọ bá méjì tó kù nílé. Nígbà tí Tíṣà gbọ́, ó jáde lọ sí Agbowó, ó ra bọ̀ọ̀lì gbígbóná àti ẹ̀pà bọ̀, òun àti Àníọlá sì jọ jẹ ẹ́.