Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Tí Ìyá Gbé Wá sí Wọ́ọ̀dù

Bẹ́ẹ̀dì ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti fúyẹ́ ju tàná lọ." Alàgbà Oyèdókun dá a lóhùn pé òun náà mọ̀. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ibi tí fèrèsé wà tẹ́lẹ̀, ààrò ni ó wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti sin látìgbà tí irun Oyèdókun ṣì dúdú, bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń fẹ́ná. Ó ti kéré sí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí báyìí, ìyẹn ò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Dókítà gbé ẹ̀rọ tí ó fi ń gbọ́ àyà lé ìkòkò, ó ní ìkòkò náà ń mí dáadáa. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí ó ń sọ fún Oyèdókun lójoojúmọ́: bí kò bá jẹun kí ara rẹ̀ le, àwọn ò ní lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, jẹjẹrẹ inú ìfun rẹ̀ ò sì ní dúró dè é. Ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, ó pa ìlẹ̀kùn dé.

Ìyá rẹ̀ tú ewé ọ̀lẹ̀lẹ̀. Òórùn edé àti epo gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Ebi mú Oyèdókun, ebi tí Morẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀ ti ń fi ṣíbí àti ẹ̀bẹ̀ wá fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, tí kò rí.

"Àjàní, la ẹnu," ni ìyá rẹ̀ wí. Oríkì tí ó fi ń pè é láti kékeré nìyẹn.

Ó pa ẹnu dé pinpin. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í jẹun lójú àlá, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ọwọ́ òkú? Ẹni tó bá gbà á jẹ ti bá wọn lọ nìyẹn. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ́ lọ. Ẹ̀rù ikú ń bà á gidi. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ṣíbí tẹ̀ lé e. Ó yí i sósì, ṣíbí tún tẹ̀ lé e.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá rẹ̀ tún wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ìyá rẹ̀ kò pè é ní Dádì rí. Oyèdókun rò ó. Òkú lè yá ohùn alààyè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ òun ni ó ń bẹ òun, tí òun sì ń pa ẹnu dé mọ́ ọn ńkọ́? Omijé ẹlòmíràn kán sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gbóná. Ó la ẹnu.

Ògì ni, kì í ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kò ní ṣúgà, kò ní mílíìkì, ó tẹ́ lẹ́nu bí omi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ògì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Morẹ́nikẹ́ nu àgbọ̀n fún un. Aṣọ àyà bàbá náà ti rin gbingbin fún èyí tí ó ti ń tu dànù.

Oyèdókun ní, "Bù sí i."

Lẹ́yìn ọmọ náà, lórí àga àlejò, ìyá Oyèdókun jókòó, ó ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.