Ọjọ́ Kelòó Lòní?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Deborah, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹniọlá, ti jókòó síwájú kọ̀mpútà oko wàrà tó wà lọ́nà Ṣékọ̀nà, ó ń kọ orúkọ àwọn màlúù tí dókítà ẹran máa yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti gbẹ. Láyé ìjọba ológun yìí, owó rẹ̀ ti ju agbára oko kékeré lọ, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń da ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kọ sínú ìwé: orúkọ màlúù, iye oṣù tí oyún rẹ̀ ti lò, ohun tí dókítà máa wò.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọmọ olóko ló gbé ẹ̀rọ náà ti òkè òkun bọ̀, pẹ̀lú ètò kan tó wà fún ìtọ́jú agbo màlúù. Nígbà tó padà síbẹ̀, ó fi ìwé ìlò rẹ̀ sílẹ̀. Deborah ka ìwé náà títí èèpo rẹ̀ fi já. Ohun tó dùn mọ́ ọn jù ni pé ètò náà kò mọ màlúù rárá. Ìṣirò ló mọ̀. Bí èèyàn bá sọ ọjọ́ tí akọ gun abo fún un, tàbí ọjọ́ tí abo bímọ, yóò ka ọjọ́ láti ibẹ̀ dé òní, yóò sì sọ pé ó ti tó àkókò kí dókítà fọwọ́ kan eléyìí.

Bàbá Ìyàndá, ará Alájùẹ́ tó ń fún wàrà, ló máa ń sọ àwọn ọjọ́ náà fún un. Ó dàgbà tó bàbá tó bí i.

Òṣogbo ni Dókítà Afọlábí ti ń wá. Ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù ti mú kó kìlọ̀ pé oko tó bá fi epo òun ṣòfò, òun kò ní yà síbẹ̀ mọ́. Kò sì sí dókítà ẹran mìíràn tó ń gba ọ̀nà yẹn.

Ó dé, ó wọ ìbọ̀wọ́ gígùn rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìdí màlúù tí wọ́n ń pè ní Alámì. Ó tún ìwé wò.

"Màdáámù, oyún oṣù kan lẹ kọ síbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ẹ̀rọ ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀rọ yín kò ti ọwọ́ bọ màlúù rí. Eléyìí ti lé lóṣù méjì."

Ó kọjá sọ́dọ̀ Pẹ̀lẹ́, tí ìwé sọ pé àkókò àyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó. Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, òórùn tó tẹ̀ lé e mú kí gbogbo wọn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú ẹran náà ti kún fún ọyún.

"Ó yẹ kí n ti rí eléyìí láti oṣù tó kọjá. Ta ló ń sọ ọjọ́ fún yín?"

Sìmbíátù, ìyàwó Bàbá Ìyàndá, àti àwọn obìnrin tó ń ra wàrà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá wọn. Gbogbo wọn ni Deborah ti sọ fún pé ẹ̀rọ òun kì í gbàgbé. Ojú wọn gún un lára.

"Bàbá Ìyàndá ni," ó wí. "Ó jọ pé ọjọ́ ti ń dàrú mọ́ wọn lójú."

Bàbá Ìyàndá gbójú sókè lábẹ́ màlúù, ó wò ó. "Hẹn," ni ohun tó sọ. Ó sì ń fún wàrà rẹ̀ lọ.

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bí ìwé oṣù tó ń bọ̀ bá tún rí báyìí, ẹ lọ wá ẹlòmíràn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Deborah tan ẹ̀rọ kó lè tún àwọn ọjọ́ tí Bàbá sọ ṣe. Bó ṣe máa ń ṣe, ẹ̀rọ kọ́kọ́ bi í pé ṣé ọjọ́ òní nìyí. Ó ti mọ́ ọn lára láti tẹ bọ́tìnnì ńlá tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni láìwò ó, bí ẹni ń dá kíkí lóhùn. Lọ́tẹ̀ yìí ó kà á. Ọjọ́ kan nínú oṣù tó kọjá ló wà níbẹ̀.

Ó pa á, ó lọ da oúnjẹ fún àwọn ọmọ màlúù, ó padà wá tan án. Aago ẹ̀rọ dúró síbi tó fi í sí. Ó fi sùkúrúdíráfà tú ẹ̀yìn rẹ̀: bátìrì kékeré kan wà nínú ibẹ̀, ó ti hu ìpata. Bátìrì yẹn ló ń bá ẹ̀rọ ka ọjọ́ nígbà tí kò bá síná. Láti ìgbà tí tìráńsífọ́mà àdúgbò ti jó, ìgbà tí epo jẹnẹrétọ̀ bá wà nìkan ni wọ́n ń tan ẹ̀rọ. Gbogbo ọjọ́ tó fi sùn, kò ka ìkankan.

Inú rẹ̀ dùn. Ohun kékeré báyìí! Lẹ́yìn náà ló rántí Bàbá Ìyàndá, ìdùnnú náà sì kú mọ́ ọn nínú. Kò sí ọjọ́ kan tí Bàbá sọ tí kò pé. Ẹ̀rọ náà pàápàá kò jẹ̀bi: gbogbo ìgbà tó bá tan án ló ń bi í.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá irú bátìrì yẹn ní Ẹdẹ àti Òṣogbo, kò rí i. Ló bá di pé láràárọ̀ tó bá tan ẹ̀rọ, kó tó tẹ bọ́tìnnì, yóò ké sí Bàbá níbi tó ti ń fún wàrà.

"Bàbá, ọjọ́ kelòó lòní?"

"Ogúnjọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá Ẹniọlá, ẹ ṣì ń dán mi wò ni?"

"Rárá o, Bàbá." Kò lè wo Bàbá lójú.

Nígbà tí dókítà padà dé, ìwé àti ọwọ́ bára mu. Níbi tí wọ́n kọ oṣù méjì sí, oṣù méjì ló bá. Èyí tí wọ́n ní ó ṣófo, ó ṣófo. Oògùn tí dókítà fún Pẹ̀lẹ́ ti ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ ti mọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín sí Bàbá Ìyàndá.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọjọ́ ò dàrú mọ́ yín lójú mọ́ nìyẹn."

"Kò-mọ-òní ti mọ òní!" obìnrin kan ké lẹ́nu ọ̀nà, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n ti ń pe Bàbá ní Ṣékọ̀nà láti oṣù kan nìyẹn. Bàbá tẹ orí ba sídìí korobá rẹ̀.

Bí Deborah bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹlẹ́bọ́tọ.

"Dókítà, irọ́ ni mo pa mọ́ wọn. Ọjọ́ kò dàrú mọ́ wọn lójú rí. Ẹ̀rọ ń bi mí léèrè ọjọ́, mi ò kà á. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú."

Ẹ̀rín dá. Sìmbíátù sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀. "Ìyá Ẹniọlá! Ọkọ mi kò lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kankan mọ́! Ṣé ohùn tí ẹ fi sọ èyí máa dé Ṣékọ̀nà?"

"Màá gbé e débẹ̀ fúnra mi, mà."

Ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ló ti ń sọ ọ́, bí wọ́n sì ṣe ń wò ó, ó wù ú kí ilẹ̀ lanu.

Kí dókítà tó lọ, ó ti sọ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣooṣù jẹ́ ti oko náà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Deborah tan ẹ̀rọ. Ìbéèrè yọ. Ó gbóhùn sókè.

"Bàbá, ọjọ́ kelòó lòní?"

Wàrà ń ró nínú korobá. Deborah fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ wo kàlẹ́ńdà ìjọ.

"Ẹ sọ tiyín ná, kí n gbọ́," Bàbá Ìyàndá dáhùn.

Ó sọ ọ́.

"Ó pé."

Ó tẹ ọjọ́ náà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn màlúù tí dókítà máa yẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀.