Ẹyẹ Testimony
Wisdom ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà funfun kí Ọmọ́wùnmí tó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kí o kun ògiri yìí?"

"Mọ́mì ni o, Àǹtí. Ẹ má bá mi jà jàre," ni Wisdom, ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé náà, wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí Ọmọ́wùnmí gidigidi. Odidi táàmù kan ni òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ṣe ògiri yìí, èyí tó kọjú sí géètì ilé-ìwé wọn ní Ìgàndò. Ìṣirò ló ń kọ́ wọn. Ó ní kí olúkúlùkù mú páálí onígun mẹ́rin ọgbọọgba, kí ó gé ibi tó wù ú lára ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sún ohun tó gé náà tààrà lọ sí ẹ̀gbẹ́ òdìkejì, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kí ó ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. A kì í ju nǹkan kan nù. Bí wọ́n bá wá ń yà á léraléra, ọ̀kan á wọnú èkejì láìsí àlàfo, láìgun ara wọn. Ti àwọn kan jọ bàtà, ti àwọn mìíràn kò jọ nǹkan kan. Ti Testimony nìkan ló di ẹyẹ tó na ìyẹ́. Òun ni wọ́n yà sí ògiri, funfun kan, dúdú kan, láti ilẹ̀ dé òkè.

Bàbá ọmọ kan láti Àgbàdo rí i láàárọ̀ yìí, ó ké "Jésù!" Ẹyẹ àjẹ́ nìyí! Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n sì mú ọmọ tó yà á jáde ní àsẹ́ḿbílì ọ̀la, kí pásítọ̀ ṣe ìdáǹdè fún un.

Ìdáǹdè kẹ̀! Fún ọmọ tó fi sísọ́ọ̀sì gé páálí! Ọmọ́wùnmí forí lé ọ́fíìsì Ìyáàfin Olútóyìn, ẹni tó ni ilé-ìwé, tí gbogbo wọn ń pè ní Mọ́mì.

"Mọ́mì, ìṣirò lásán ni, mà."

"Ṣé mo ní kì í ṣe ìṣirò ni? Àwọn òbí ló ń bẹ̀rù. Bí ẹnì kan bá kó ọmọ rẹ̀ lọ, àwọn yòókù á tẹ̀lé e."

"Ṣé torí ẹ̀rù tiwọn la ó ṣe sọ ọmọ ọlọ́mọ di àjẹ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀?"

Mọ́mì mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Àwọn funfun jọ àdàbà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kí Testimony fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà búlúù pa àwọn dúdú rẹ́, kí ó dà bí ojú ọ̀run. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀ mọ́, kò ní sí ìdáǹdè kankan."

Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ni Ọmọ́wùnmí rò. Ó lọ pe Testimony jáde.

"Kí ni mo ṣe, Àǹtí?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ṣáà kùn ún."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó fi búlúù kun gbogbo dúdú láìjẹ́ kí ọ̀dà kan funfun kankan. Nígbà tó ṣe tán, Mọ́mì jáde wá, ó káwọ́ gbera.

"Testimony, mo ní kí o pa wọ́n rẹ́."

"Mo ti pa wọ́n rẹ́, mà. Kò ku dúdú kankan."

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀! Ẹyẹ búlúù ni mò ń rí yìí!"

Testimony fi ìka tọ ẹ̀yìn ẹyẹ funfun kan. "Àwọn àdàbà yín ló ń yà wọ́n, mà."

Mọ́mì sún mọ́ ògiri. Ó wá ẹ̀yìn ẹyẹ kan tí kì í ṣe ikùn èkejì, kò rí i. Ó yíjú sí Testimony.

"Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

"Ìdáǹdè ọ̀la ńkọ́, mà?" ni Ọmọ́wùnmí bi í.

"Ìdáǹdè ta ni?" Mọ́mì yíjú padà, ó wọlé.

Ó yẹ kí inú Ọmọ́wùnmí dùn. Ṣùgbọ́n Testimony kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sídìí omi, kò wo ojú rẹ̀. Inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, ó sì ń wá ẹni tí yóò bínú sí. Bàbá Àgbàdo ti lọ, Mọ́mì ti wọlé. Ó wá ku Ọmọ́wùnmí fúnra rẹ̀, ẹni tó pe ọmọ náà jáde ní kíláàsì, tó ní kó wá pa ẹyẹ rẹ̀ rẹ́.