Ìdí Ẹ̀wù Pupa

Ayùn irin ń ké fìn-ín-fìn-ín lórí ọ̀pá ìbọn, Harlan sì di apá kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀. Ìbọn rẹ̀ mà ni! Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi gbé e káàkiri àwọn òkè West Virginia, kò sì jẹ́ kí Orrin ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan awọ ìgbékọ́ rẹ̀ rí. Àfi ìgbà tí àrùn rọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Lọ́sàn-án Sunday yìí, Orrin tú ìbọn palẹ̀, ó fi irin há a mọ́ tábìlì ní gáréèjì, ó ní òun ó gé e kúrú.

"Kí ló ṣe ọ́ tí o fi ń gé e?"

"Ó gùn jù, Bàbá."

"Ìwọ lo kúrú jù."

Verna, ìyàwó Orrin, tó ń gbé búrẹ́dì àgbàdo àti kọfí wọlé, bú sẹ́rìn-ín. Orrin kò rẹ́rìn-ín. Ayùn ń lọ, ayùn ń bọ̀.

Harlan gbà pé òun mọ ohun tó ń dùn ún. Ẹ wo ara ògiri: àkísà mọ́kànlá, ìṣó mọ́kànlá. Ìdí ẹ̀wù Orrin ni gbogbo wọn. Ní àgọ́ ọdẹ tiwọn, ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tí kò bà á, àlùmágàjí ni wọ́n fi ń gé ìdí ẹ̀wù rẹ̀. Harlan ní í gé e, orin rẹ̀ á sì máa dùn bí oyin:

Ta ló yìn ín tí kò bà á?
Ẹ gé ìdí ẹ̀wù rẹ̀!
Àgbọ̀nrín ń jẹko lókè,
Ẹ gé ìdí ẹ̀wù rẹ̀!

Ọmọ ọdún méjìlá ni Orrin nígbà àkọ́kọ́. Ó sunkún. Harlan ní kó gbé àkísà náà sókè, kó dá orin náà fúnra rẹ̀, títí ẹ̀rín fi rẹ gbogbo àgọ́. Ẹ̀wù pupa ti Harlan ńkọ́? Àlùmágàjí kò kàn án rí. Ìdí rẹ̀ ṣì gùn balẹ̀.

Gbàǹgà! Ẹnu ìbọn já bọ́ sílẹ̀, ó gùn tó ṣíbí ọbẹ̀. Orrin gbé fáìlì, ó ń fi í tẹ́ ojú ibi tó gé. Kò fi irin igun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ojú nǹkan tọ́ wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ń wọ́ sápá òsì. Harlan rí i. Ẹnu ìbọn ni ọta ń fara kàn kẹ́yìn kó tó jáde; bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi ìwọ̀n òwú rélẹ̀ ju èkejì lọ, ọta á ṣìnà.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ṣé ó tọ́?"

Ọkàn Harlan jó. Ọ̀la Monday ni wọ́n máa ṣí igbó fún àwọn ọdẹ. Ó rí i lójú inú: ọta lọ sínú igi, àgbọ̀nrín gbé ìrù funfun sókè, ìṣó kejìlá wọ ara ògiri.

"Ó tọ́."

Orrin gbé e wá sí iwájú rẹ̀. "Ẹ fọwọ́ kàn án."

Harlan fi àtàǹpàkò yí i ká. Àtàǹpàkò rì díẹ̀ lápá òsì. "Ó dán bí ẹnu ìgò. Ó tọ́."

Orrin fi sánpépà pa etí inú rẹ̀, ó sì dúró. "Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá? Bí ó bá wọ́, fáìlì ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"Ṣé etí rẹ di ni? Mo ní ó tọ́!"

"Ó dáa."

Orrin to ìbọn pọ̀. Ó wá fa ìwé kan yọ lápò, ó tẹ́ ẹ sórí itan bàbá rẹ̀. Orúkọ Harlan ló wà lára rẹ̀.

"Ìwé àṣẹ ọdẹ fún arọ ni. Ẹ lè jókòó sínú ọkọ̀ mi kẹ́ ẹ yìn ín lójú fèrèsé. Ìbọn gígùn kò ṣeé yí níbẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe gé e. Ẹ̀yin lẹ máa yìn ín lọ́la, lójú gbogbo àgọ́."

Harlan gbójú sókè lórí ìwé náà. "Ṣé... ṣé o ò ní kọ́kọ́ dán an wò?"

"Ká dán kí ni wò? Ojú Harlan tí kì í tàsé ló wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín." Ó fi àtàǹpàkò pa ẹnu ìbọn, rọra, ó sì dá a dúró lápá òsì, níbi tó ti rì gan-an.

Verna gbé ẹ̀wù pupa wá, ó ti lọ̀ ọ́, gbogbo ìdí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Orrin já àlùmágàjí lára ìṣó, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù. Ó ń kùn lábẹ́ ètè: *ta ló yìn ín, ta ló yìn ín.* Ó wá rẹ́rìn-ín.

Harlan gbá ìdí ẹ̀wù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀rín yẹn, níbo ló ti gbọ́ ọ rí? Ó tẹ́tí sí i títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún méjìlá ni Orrin nígbà tó kọ́ ọ lẹ́nu òun.