Ìyàwó Bàbá Inú Fíìmù

Felicia ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Emure, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò ṣì máa ń wá gbọ́ àlọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ọmọ òrukàn tí ìyàwó bàbá rẹ̀ gbé ajere fún pé kó lọ fi pọnmi wá. Ọmọ náà jókòó sétí odò, ó ń sunkún, àfi bí ẹyẹ kan ṣe bà sórí òkúta, tí ẹyẹ náà sì ju amọ̀ síwájú rẹ̀. Ó fi amọ̀ náà dí gbogbo ihò ara ajere, ó sì pọnmi délé. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló di ẹyẹ.

Àlọ́ yìí ni Tèmítáyọ̀, ọmọ Felicia tó ń ṣe fíìmù l'Ékòó, gbé lọ sọ di fíìmù. Nígbà tó parí rẹ̀, ó ní ilé ni wọ́n á ti kọ́kọ́ wò ó. Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pa fèrèsé dé, gbogbo ìjọ sì jókòó.

Ẹ̀rín ni Felicia fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ òrukàn náà wọ jíìnsì, ó mú fóònù lọ́wọ́. Ìyẹn ò dùn ún, ayé ti yí. Ìyàwó bàbá gbé ajere fún ọmọ, ọmọ sunkún dé odò, amọ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ò wá. Ìyàwó bàbá fúnra rẹ̀ ló yọ lẹ́yìn igi, amọ̀ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Òun ló ti gbé e síbẹ̀ kí ọmọ tó dé.

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Adéníkẹ́, tó fẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú tó sì ń tọ́ ọmọ olóògbé náà, sáré lọ dì mọ́ Tèmítáyọ̀.

"O ṣeun o! O bá wa fọ orúkọ wa mọ́ lónìí."

Felicia nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, "Tèmítáyọ̀, ta ló wá burú nínú ohun tí mo wò yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó burú, Mọ́mì. Obìnrin yẹn fẹ́ràn ọmọ náà."

"Tó bá fẹ́ràn rẹ̀, kí ló dé tó gbé ajere fún un?"

"Bàbá ọmọ ló le. Obìnrin náà ò lè fìfẹ́ hàn lójú rẹ̀."

"Ìyá tó kú wá ńkọ́? Níbo lo gbé e sí?"

Ó jọ pé Tèmítáyọ̀ kò rò ó débẹ̀.

Ohun tí Tèmítáyọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò pa àlọ́ náà fún ìyá rẹ̀ rí. Felicia fúnra rẹ̀ ló hun ún. Igbara-Odo ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyàwó bàbá rẹ̀ sì máa ń rán an lọ ru ẹyìn lóko láìfún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n tó bá ń bọ̀, á bá iṣu sísun ní oríta, wọ́n á ti fi ewé bò ó. Ó gbà pé ìyá òun ló ń gbé e síbẹ̀ látọ̀run. Ìgbàgbọ́ yẹn ló fi dàgbà. Fíìmù ti wá dà á rú mọ́ ọn lójú. Àbí obìnrin tó ń febi pa á náà ló ń bọ́ ọ? Inú ń bí i, àánú obìnrin náà sì ń ṣe é. Kò mọ èyí tí òun ìbá mú.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó wọ takisí dé Ikere, ó tún wọ òmíràn lọ sí Igbara-Odo. Ó bá Jẹ́jẹ́, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyàwó bàbá náà, níbi tó ti ń sá kòkó sí iwájú ilé.

"Jẹ́jẹ́, ṣé ìyá rẹ ló máa ń gbé iṣu sí oríta fún mi láyé ọjọ́un?"

Jẹ́jẹ́ fi kòkó sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

"Ìwọ bíi báwo?"

"Èmi ni mo máa ń yọ ọ́ nídìí iná. Ẹ̀rù a sì máa bà mí kí ìyá mi má rí mi."

"O ò sì sọ fún mi!"

"Ẹ̀yin lẹ ń sọ pé ìyá yín ni. Inú yín ń dùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé èmi ni?"

Felicia wá àpótí kan, ó jókòó. Ó béèrè pé, "Ìyá rẹ wá ńkọ́? Ṣé kò mọ̀?"

"Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Uṣu ń dín nídìí iná, kò bi mí rí. Bẹ́ẹ̀ ó nà mí bí ẹni máa kú nítorí orí ẹja kan tí mo mú jẹ. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀. Mo fẹ́ bi í kó tó kú, ẹnu mi ò gbà á."

"Níbo lẹ sin ín sí?"

"Ẹ̀yìn ulé."

Felicia kò débẹ̀ rí. Jẹ́jẹ́ ṣáájú, wọ́n gba àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá. Koríko ti bo sàréè náà, orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò sì hàn dáadáa mọ́. Felicia dúró. Kò mọ̀ bóyá kóun kí i, kò mọ̀ bóyá kóun bá a jà.

Jẹ́jẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa koríko tu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Felicia ká aṣọ rẹ̀ sókè, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀gbẹ́ kejì.