Ẹni Kẹrin Lórí Bẹ́ǹṣì Ọlọ́tí

Lọ́dún yẹn, òjò rọ̀ ní Hollerbach, ìlú kan ní Bavaria nílẹ̀ Jámánì, títí ẹja fi ń lé adìyẹ kiri lórí òrùlé. Òdòdó họ́ọ̀pù, èyí tó ń mú ọtí korò tí kì í jẹ́ kó tètè kan, jẹrà mọ́ igi. Lienhart apọntí wo àgbá mẹ́jọ tó ṣófo, ó sì ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń ṣe: ó da irúgbìn ewé wèrè sínú ìkòkò ọtí dípò họ́ọ̀pù, ewé tí ń mú kéèyàn máa bá òjìji ara rẹ̀ jà.

Òfin Bavaria ò lọ́jú pọ̀: ọkà bálì, họ́ọ̀pù, omi, ó parí. Ẹni tó bá fi nǹkan mìíràn sí i, wọn á fọ́ àgbá rẹ̀, kò sì ní pọntí mọ́ láyé. Bàbá Lienhart kọtí ikún sí òfin yìí. Ó mu ọtí ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́ta láìmí, ó kú. Tòun ti ṣòkòtò awọ rẹ̀ ni wọ́n sin ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdánwò ọtí, àwọn atọ́tíwò mẹ́ta tí ìlú yàn dé. Ottmar ni olórí wọn, ìdí rẹ̀ tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n da ọtí sórí bẹ́ǹṣì gbọọrọ ní àgbàlá, wọ́n sì fi ṣòkòtò awọ jókòó lé e fún wákàtí kan. Bí wọ́n bá dìde, tí bẹ́ǹṣì bá lẹ̀ mọ́ wọn nídìí tó bá wọn gbéra, ọtí ti yege nìyẹn.

Ottmar ní, "Lienhart, bí bẹ́ǹṣì yìí ò bá sìn mí délé, o gbé!"

"Ẹ̀yin bàbá, ìyàwó yín ni kẹ́ ẹ ro tiẹ̀. Níbo ló máa sùn, bí bẹ́ǹṣì bá ti gba bẹ́ẹ̀dì?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí Lienhart ṣe tajú kán wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Ní òpin bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ọtí ya sọ́tọ̀, ó fi àyè méjì ribiti sílẹ̀, bí ìgbà téèyàn fìdí tẹ̀ ẹ́. Igi dún kẹ̀ẹ̀. Kò séèyàn níbẹ̀.

Ó rò ó pé bóyá ọtí tóun tọ́ wò láàárọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ó rọra pe ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kò tọ́ ọtí náà wò rárá.

"Ìyá Els, wo ògiri yẹn. Òjìji mélòó lo rí?"

Ojú obìnrin náà funfun bíi wàrà. "Mẹ́rin. Bàbá Els, ta ló jókòó tì wọ́n?"

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù. Àwọn mẹ́ta náà dìde. Bẹ́ǹṣì lẹ̀ mọ́ wọn nídìí bí ẹni pé wọ́n kàn án níṣòó, àmọ́ òpin kejì ò mira. Wọ́n fà á títí òógùn wọn fi lè yí ọlọ. Ẹ̀rín gbígbẹ kan bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ṣófo yẹn, ẹ̀rín tí kì í mí. Lienhart dá a mọ̀.

"Irú ọtí wo rèé!" Ottmar pariwo. "Ó yege! Ọ̀la là ń ṣe ìsàmì ọmọ-ọmọ mi, gbogbo ìlú ló máa mu ún. Ẹ bu tèmi wá!"

Ó gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu. Ẹ̀rín náà le sí i. Lienhart fò sí i, ó gbá kọ́ọ̀bù náà dànù.

"Ẹ má mu ún! Ewé wèrè ni mo fi sí i! Bàbá mi ló jókòó yẹn, ó ń wá ẹni tó máa bá a mu ún!"

Ẹ̀rín dá wáí. Bẹ́ǹṣì fúyẹ́ lójijì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú bolẹ̀.

Wọ́n fi àáké fọ́ àgbá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Odò wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí náà ò ṣàn lọ síbẹ̀. Ó gun òkè, tín-ín-rín bí okùn, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá lọ sí ibojì bàbá Lienhart. Ottmar, tí bẹ́ǹṣì ṣì so mọ́ nídìí, ló kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú.

"Bàbá Els, jẹ́ ká wọlé," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Dúró," ni Lienhart, tí kì í ṣe apọntí mọ́, wí. "Jẹ́ kó mu tiẹ̀ tán."

Nígbà tí ẹ̀kán ìkẹyìn wọlẹ̀, ilẹ̀ gùfẹ̀.